Idẹ ara àkọ̀ idà Róòmù: ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Igi àkọ̀ ti jẹrà, awọ ti lọ, idẹ ló kù. Bí a bá fẹ́ ṣe irú àkọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí, ara idẹ yìí ni a ó ti wá ìwọ̀n gbogbo ohun tó ti nù. Àwòrán iwájú nìkan kò tó. Ẹ̀yìn ni ihò ìṣó ti ń hàn dáadáa, ibẹ̀ náà la sì ti ń rí ibi tí etí àwo ti ká mọ́ igi.

Nínú irú idà Róòmù méjì tí wọ́n ń fi orúkọ ìlú pè, irú Pompeii ló rọrùn jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, nítorí etí idà náà lọ gbọọrọ títí dé ibi tó ti ṣóńṣó. Àwo idẹ wà lẹ́nu àkọ̀, ọ̀já idẹ méjì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú òrùka mẹ́rin, idẹ mìíràn bo ìdí rẹ̀, kókó kan sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Irú Mainz le jù ú lọ: idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ká bíi gọ́tà ló di etí àkọ̀ mú látòkè délẹ̀.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ ni àwo tí ilẹ̀ ti tẹ̀ pẹlẹbẹ. Ká ní ó fẹ̀ ní mìlímítà 70 báyìí, ṣùgbọ́n tí àárín rẹ̀ ga ní mìlímítà 8 nígbà tó wà lára àkọ̀: àkọ̀ náà kò fẹ̀ ju nǹkan bíi 67 àtààbọ̀ lọ. Ẹni tó bá gbẹ́ igi rẹ̀ sí 70 yóò rí i pé ihò ìṣó kò ní bọ́ síbi tó yẹ mọ́. Bí ìṣó bá ṣì wà nínú ihò, ẹ wọn gígùn rẹ̀. Igi àti awọ ibẹ̀ kò lè fẹ́lẹ́ jù ú lọ, nítorí ìṣó tó bá yọ sínú ni yóò máa họ ojú idà.

Lẹ́yìn ìwọ̀n, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ idẹ kún un. Ọ̀pọ̀ idẹ ọ̀rúndún kìíní jẹ́ bàbà tí wọ́n pò mọ́ síǹkì, síǹkì náà tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Èyí tí a ń rà lónìí sábà ní 30 sí 37 nínú 100, àwọ̀ rẹ̀ sì ràn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wá èyí tó ní 15 sí 20, kí ó nípọn ní ìdajì mìlímítà. Ẹ má sún mọ́ idẹ tí wọ́n ti pò òjé mọ́. Yóò fọ́ lábẹ́ òòlù.

Fún gọ́tà etí, ẹ fi irin pẹlẹbẹ tẹ idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ náà sínú ojú ihò gbọọrọ tí ẹ gbẹ́ sára igi líle. Bí ẹ bá ti gbọ́ pé ohùn òòlù yí padà, idẹ ti le nìyẹn: ẹ yan án nínú iná títí yóò fi pọ́n díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tó tún lù ú. Ẹ ṣe èyí níbi tó ṣókùnkùn díẹ̀, oòrùn kì í jẹ́ kí a rí pípọ́n náà. Ẹni tó bá fo yíyan yìí, idẹ rẹ̀ yóò ya níbi ìgun.

Àwo tí wọ́n gé ihò ọ̀ṣọ́ sí lára, bí irú èyí tí wọ́n rí ní Vindonissa ní Switzerland, ẹ kọ́kọ́ gé ihò rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Orí igi tí ẹ ti gbẹ́ sí bí àkọ̀ ṣe rí ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ yóò ṣẹ́ po.

Awọ ńkọ́? Tútù ni a ń fà á bo igi, a ó sì rán an lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kó gbẹ tán pátápátá kí ẹ tó kan idẹ kankan mọ́ ọn. Awọ tútù máa ń sún kì bó bá gbẹ, àwo tí ẹ ti kàn á mọ́ yóò wá máa mì. Awọ olọ́ràá náà kò dára: ọ̀rá a máa sọ idẹ di àwọ̀ ewé.

Idà tí wọ́n ń pè ní ti Tiberius, tí wọ́n rí ní Mainz ní 1848, tó wà ní British Museum báyìí, ní góòlù àti tánganran (tin) lójú idẹ àkọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi tánganran kun tirẹ̀, kó fi í ṣe ìkẹyìn. Ìwọ̀n 232 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni tánganran ti ń yọ́. Iná tí a fi ń yan idẹ ju ìyẹn lọ fíìfíì, yóò mú un wọnú idẹ, ojú rẹ̀ yóò sì di àwọ̀ eérú.