Láti ìgbà tí mo ti fi lápútọ́ọ̀pù sílé

Akọ̀wé oníkòkó, Ìjọ̀kà, Àkúrẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti àná ni mo ti ń ka ohun tí ẹ̀ ń sọ lórí ìkànnì yìí nípa ẹni tó béèrè bóyá òun lè fi tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó dà bíi fóònù ńlá, rọ́pò lápútọ́ọ̀pù. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi bó ṣe rí gan-an.

Akọ̀wé ni mo jẹ́ fún ọ̀gá kan tó ń ra kòkó. Tó bá ti di nǹkan bí oṣù October tí kòkó ti ń jáde dáadáa, n kì í gbélé. Òní Ìdànrè, ọ̀la Ondo, ọ̀túnla abúlé tí mọ́tò ò lè dé, ẹ̀yìn ọ̀kadà la ó wà débẹ̀. Wọ́n á gbé àpò sórí òṣùwọ̀n, èmi á kọ orúkọ àgbẹ̀, iye kílò, owó tí a san, àti èyí tí a ṣì jẹ ẹ́. Àpò 16 là ń kà sí tọ́ọ̀nù kan. Bí mo bá ṣi ẹyọ àpò kan kọ, owó ọmọlọ́mọ ni mo ṣi kọ yẹn, n kò sì ní lè sùn.

Lápútọ́ọ̀pù ni mo fi ṣe é fún ọdún mẹ́rin. Òun àti ṣájà rẹ̀ nínú àpò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò mẹ́ta, èjìká ọ̀tún mi lè jẹ́rìí sí i. Gbogbo gegele ojú ọ̀nà ló ń bá ọ̀kadà wọ inú rẹ̀. Ibi tí ojú rẹ̀ ti so mọ́ ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ já, mo bá ń fi okùn rọ́bà dè é. Lẹ́yìn náà ni bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí mo bá ti yọ ọ́ lára iná, kì í lò tó wákàtí kan.

Ọjọ́ kan ní abúlé kan lọ́nà Ìdànrè ni ọ̀rọ̀ náà sú mi pátápátá. A ti wọn kòkó àgbẹ̀ mọ́kàndínlógún, mo ń kọ ti ogún lọ́wọ́, ojú ẹ̀rọ bá ṣú. N kò tíì tọ́jú ìdajì àkọsílẹ̀ náà pamọ́. Kò sí òpó iná kankan ní abúlé yẹn, ẹni kan ṣoṣo tó ní jẹnẹrétọ̀ sì ti lọ sóko. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n tún àpò wọn gbé padà sórí òṣùwọ̀n. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó sórí àpò tirẹ̀ wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kò sí ìwé àti bírò ní Àkúrẹ́ mọ́ ni?" Bàbá ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, wọ́n béèrè tọkàntọkàn ni. Bébà àpò sìmẹ́ńtì la ya tí mo fi kọ ti ọjọ́ yẹn. Ilẹ̀ ti ṣú ká tó kúrò níbẹ̀.

Oṣù yẹn náà ni mo ra tábúlẹ́ẹ̀tì Android kan tí ojú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 10.5. Ó fi díẹ̀ lé ní ìdajì kílò, ó ń gba síìmù, ó wọ inú báàgì ọwọ́ mi. Ó ti lé ní ọdún kan àti ààbọ̀ báyìí, n kò sì tíì gbé lápútọ́ọ̀pù gun ọ̀kadà mọ́ láti ìgbà náà.

Iná ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí òun ló lé mi dé ibi tí mo dé. Ṣájà lápútọ́ọ̀pù mi jẹ́ wáàtì 65, kò sì gba iná láti ara power bank kékeré tí a fi ń ṣájì fóònù. Bátìrì tábúlẹ́ẹ̀tì yìí jẹ́ 7,040 mAh (bí a ṣe ń ka iná tí bátìrì lè gbà nìyẹn), power bank mi sì jẹ́ 20,000. Ẹni tó bá fojú ṣírò á ní yóò kún un nígbà mẹ́ta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ nínú iná náà ń di ooru dànù bó ṣe ń kọjá láti inú ọ̀kan sí ìkejì (ẹ fọwọ́ kan power bank yín nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ó rí i pé ó gbóná). Ẹ̀ẹ̀mejì ni tèmi máa ń kún un, pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́kù díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì yẹn tó mi fún ọjọ́ mẹ́ta lóko, bí n kò bá fi wo fíìmù.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀. Excel, áàpù ìṣírò ti Microsoft, ni mo mọ̀ lò tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ìlànà Microsoft ni pé bí ojú tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí fóònù bá ti fẹ̀ ju ínṣì 10.1 lọ, ẹ ó máa san owó oṣooṣù tàbí ti ọdọọdún kí ẹ tó lè tún nǹkan kọ nínú rẹ̀. Èyí tí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá èyí tí ẹ ó rà, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí ẹ tó yan ìwọ̀n. Èmi bọ́ sí Google Sheets, irú rẹ̀ ti Google. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti ilé sọ fún un pé fáìlì báyìí ni kó gbé sínú ẹ̀rọ. Bí ẹ bá gbàgbé, tí ẹ bá dé inú igbó, ẹ ó kàn máa rí orúkọ fáìlì ni, kò ní ṣí. Ní gbogbo òwúrọ̀ kí n tó jáde, mo máa ń pa dátà, màá ṣí fáìlì náà wò, kí n rí i pé ó ṣí.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Tábúlẹ́ẹ̀tì náà ní ìyà tirẹ̀. Oòrùn ọ̀sán á bo ojú rẹ̀ tí n kò ní rí ju ojú ara mi lọ, àfi kí n wá abẹ́ igi. Kò sì fẹ́ràn omi. Iná díẹ̀ tó wà lójú gíláàsì yẹn ló fi ń mọ ibi tí ìka bà, omi náà sì ń da iná yẹn rú, torí náà bí òjò bá kán sí i, á máa ya bí ẹni pé ẹlòmíì ń tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n ń fọ́ kòkó nínú oko tí a dé, wọ́n fún mi ní ọ̀kan kí n máa lá. Mo lá a tán, mo nu ọwọ́ sára aṣọ, mo rò pé ó ti tó. Mo tẹ 6, kò gbọ́. Mo tún un tẹ̀, ó kọ 66. Àpò mẹ́fà àgbẹ̀ kan di mẹ́rìndínláàádọ́rin! Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo máa ń kà á sókè sí olówó kí a tó sanwó. Aṣọ kékeré kan ti ń gbé inú báàgì mi láti ìgbà náà.

Ti kíbọ́ọ̀dù ńkọ́? Orí gíláàsì tó fún iye àti orúkọ. Bó bá jẹ́ lẹ́tà gígùn, ọrùn ọwọ́ á máa ro mí, mo bá ra kíbọ́ọ̀dù Bluetooth kékeré kan. Orí tábìlì ló dára sí, kì í dúró lórí itan bíi lápútọ́ọ̀pù. Àmọ́ nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ Yorùbá mọ̀: bí mo bá ń fi orí gíláàsì kọ ọ́, tí mo ti yan Yorùbá fún kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, tí mo bá tẹ lẹ́tà e mọ́lẹ̀ díẹ̀, lẹ́tà ẹ á jáde láàárín àwọn tó máa tò sókè. Ọ̀kan náà ni o àti s. Lórí lápútọ́ọ̀pù, orúkọ àgbẹ̀ ni mo máa ń kọ láìfi àmì sí, tí Ọlá àti Olá á wá di ẹnì kan náà. Ní báyìí, mo ń kọ orúkọ èèyàn bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún karùn-ún, FUTA (yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ti yín dùn mọ́ mi, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, torí èmi ta lápútọ́ọ̀pù ni kí n tó lè ra iPad. Ìgbà tí mo wà ní ọdún kẹta, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Gbogbo ìwé tí olùkọ́ fún wa ni mo kó sínú rẹ̀, mò ń fi pẹ́ńsù rẹ̀ kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, n kò ru nǹkan kan gba South Gate, ẹnu ọ̀nà ilé ìwé wa, kọjá mọ́.

Iṣẹ́ àṣekágbá ló tú mi fó. SPSS, áàpù tí a fi ń ṣírò èsì ìwádìí, ni olùkọ́ mi ní kí n lò, SPSS kò sì sí fún iPad tàbí Android. Kọ̀ǹpútà ló ń wá. Mo ń sùn sí yàrá ọ̀rẹ́ mi, tó bá ti sùn ni mo máa ń fi lápútọ́ọ̀pù rẹ̀ ṣe tèmi, láti aago méjìlá òru títí wọ́n á fi pe ìrun àárọ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbà tí Steve Jobs gbé iPad àkọ́kọ́ jáde ní 2010, ohun tó sọ ni pé ipò rẹ̀ wà láàárín fóònù àti lápútọ́ọ̀pù. Wọ́n ti fi kíbọ́ọ̀dù àti pẹ́ńsù kún un láti 2015, ó sì ti lágbára gan-an, àmọ́ bí áàpù tí ẹ̀kọ́ yín ń lò kò bá sí lórí rẹ̀, agbára yẹn kò wúlò fún yín. Ẹ lọ bi àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ní ẹ̀ka yín pé kí ni wọ́n lò. Ẹ má ta lápútọ́ọ̀pù kí ẹ tó béèrè.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ondo

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Ojú ló mú èmi dé ìdí tábúlẹ́ẹ̀tì. Mo lè fi ìka méjì fẹ lẹ́tà títí ojú mi á fi gbà á, mo sì ń fi ṣe ìwé owó ẹgbẹ́ obìnrin wa. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀: ẹ ra ìbora onírọ́bà tó nípọn lọ́jọ́ tí ẹ bá ra ẹ̀rọ náà gan-an. Tèmi já bọ́ láti orí itan mi sórí sìmẹ́ńtì, ibi tó ga kò ju orúnkún lọ, gíláàsì rẹ̀ sì fọ́ láti igun dé igun. Owó tí alátùn-únṣe bù fún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ra òmíràn. Ṣé ìwọ akọ̀wé oníkòkó ti ta lápútọ́ọ̀pù tìrẹ?

Akọ̀wé oníkòkó, Ìjọ̀kà, Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun, Màmá. Rárá o, n kò tà á. Orí tábìlì ló wà nílé, ara iná ni mo so ó mọ́, okùn rọ́bà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Tí oṣù bá parí, òun ni mo fi ń to gbogbo àkọsílẹ̀ pọ̀, òun ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún ọ̀gá mi, torí ojú rẹ̀ fẹ̀, mo sì lè ṣí fáìlì mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àbúrò mi akẹ́kọ̀ọ́ yẹn sọ òótọ́, ǹ bá ti kábàámọ̀ bíi tirẹ̀ ká ní mo tà á.

Bàbá ọjọ́sí náà ṣì ń tà fún wa. Ìgbà tí a dé ọ̀dọ̀ wọn kẹ́yìn, mo kọ tiwọn tán, mo yí tábúlẹ́ẹ̀tì náà sí wọn, mo fẹ orúkọ wọn títí ó fi gba ojú gíláàsì náà kan. Wọ́n yọ awò ojú láti inú àpò dàńṣíkí, wọ́n kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, orúkọ, àpò mẹ́rin, owó. Wọ́n na ìka kan, wọ́n fi kan àmì tó wà lábẹ́ orúkọ wọn. Wọ́n ní, "O kọ ọ́ dáadáa." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n yí i sí ìyàwó wọn kí òun náà rí i.