Honda mi ń hó, rédíétọ̀ tuntun kò sì yanjú ẹ̀

Ọmọ Alárè Molípa
Ẹ̀yin ará, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ gbà mí, mọ́tò yìí fẹ́ sọ mí di wèrè. Honda Accord End of Discussion ni, ẹ́ńjìnnì K24. Mo ti so turbo tó ń fi kún agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn, mo ti pààrọ̀ sàléńsà, mo ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn ẹ̀ ní Fọlágbadé tí kì í yíjú wò. Àmọ́ ó ń hó! Bí mo bá kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde tí mo kọrí sí Ṣàgámù, kí n tó dé Òdògbólú, géèjì ooru ti gòkè. Mẹkáníìkì gbowó gọbọi lọ́wọ́ mi, ó wá ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa wà á jẹ́jẹ́." Ta ló ń so turbo torí kó lè máa wa mọ́tò jẹ́jẹ́? Ìyàwó mi ní òun ò wọ̀ ọ́ mọ́, torí ọjọ́ tá à ń lọ ìnáwó ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà la ti ń da píọ̀ wọ́tà sí i, tòun ti gèlè lórí. Ojúde Ọba ló tún ń bọ̀ yìí, régberégbe wa ti rán aṣọ. Mo ti ra rédíétọ̀ tuntun. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ìbejì Ṣàgámù
Ẹ pẹ̀lẹ́. Àmọ́ àròyé lẹ kọ, ẹ ò sọ ohun tá a máa fi ràn yín lọ́wọ́. Ṣé inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló ti ń hó ni, àbí ìgbà tó bá ń sáré? Tó bá jẹ́ pé ìgbà tó dúró ni, ẹ kọ́kọ́ wo fáànù, torí kò sí atẹ́gùn tó ń wọlé. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tó ń sáré ni, ẹ wo bí omi ṣe ń yí: rédíétọ̀ tó dí, pọ́ǹpù omi, tàbí gáásíkẹ́ẹ̀tì top cylinder, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì. Kí lẹ dà sí i? Thermostat tó ń ṣí ọ̀nà fún omi tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná ńkọ́?

Ọkọ Àdùkẹ́
Ẹ yọ thermostat dànù! Ilẹ̀ olóoru la wà. Ọjọ́ tí mo ra Golf 3 mi ni mo ti yọ tiẹ̀, kò hó rí.

Rewáyà Ìpẹru
Ọ̀gá, ẹ má kọ́ wọn ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Thermostat ẹ́ńjìnnì yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní bíi 78 Celsius. Tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì lè má móoru tó, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì á wá máa fún un lépo jù. Golf yín ń mu epo àbí kò mu?

Ọkọ Àdùkẹ́
Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń ra epo sí i fún mi ni?

Màmá Dèjì
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Camry Muscle wa hó ní Ògèrè lọ́jọ́ kan tí àwọn tírélà dí ọ̀nà pa. Àbúrò ọkọ mi ti mú àkísà, ó fẹ́ ṣí ìdérí rédíétọ̀. Dírẹ́bà tírélà kan ló sáré wá gbá a lọ́wọ́ mú. Ó ní ìdérí yẹn ló dí omi mọ́lẹ̀ tí kò fi hó ní 100, tí èèyàn bá ṣí i ní gbígbóná, gbogbo ẹ̀ á tú sí i lójú. Ìgbà tó tutù la wá rí i pé hósì ló bẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i ní gbígbóná o.

Ọmọ Alárè Molípa
Ẹ ṣé, mà. Ẹni tó ṣe mọ́tò mi kì í ṣe ọmọdé, kí wọ́n tó bí àwọn kan níbí ló ti ń tú Honda. Coolant, omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń tà ní Ìbàdàn Gáréèjì la dà sí i, nígbà tó lọ sílẹ̀ la fi omi kànga kún un. Fáànù ò níṣòro, wọ́n ti so ó ní direct, bí mo bá ti ṣíná ló ń yí.

Rewáyà Ìpẹru
Fáànù mélòó?

Ọmọ Alárè Molípa
Ẹyọ kan. Èkejì ò ráyè mọ́, páìpù turbo ti gba ibẹ̀, intercooler tó ń mú atẹ́gùn turbo tutù sì wà níwájú rédíétọ̀.

Bàbá Ìbejì Ṣàgámù
Ẹ wò ó! Méjì ni Honda fi síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó so turbo kankan. Ẹ tún wá gbé intercooler síwájú rédíétọ̀, ooru ẹ̀ lẹ fi ń fẹ́ rédíétọ̀ yẹn. Ẹ wá fáànù pẹlẹbẹ, kí ẹ sì dí ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀ kí atẹ́gùn má bàa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Omi kànga ńkọ́? Ìpẹtà àti ẹfun ló ń kó sínú ẹ́ńjìnnì. Ojúlówó coolant àti omi distilled, ìlàjì-ìlàjì. Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, omi tí wọ́n pa láró lásán ni.

Màmá Dèjì
Ẹ má kanra mọ́ wọn, owó wọn ló ń lọ.

Rewáyà Ìpẹru
Ẹ ṣe èyí: ẹ jẹ́ kí fáànù máa yí, kí ẹ fi bébà kan sí iwájú rédíétọ̀. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, fáànù ń fà. Tó bá fẹ́ bébà dànù, wọ́n ti so wáyà sódì. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lára èyí tí wọ́n so ní direct.

Ọmọ Alárè Molípa
Mo ti ṣe é, bébà lẹ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ kì í ṣe inú súnkẹrẹ nìkan ló ti ń hó o. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, bí turbo bá ti wọlé, á máa dún kán-kán-kán bí ìgbà tí wọ́n ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, géèjì á sì gòkè. Mẹkáníìkì ní epo burúkú ni.

Rewáyà Ìpẹru
Ta ló tún kọ̀ǹpútà ẹ̀ tò lẹ́yìn tí ẹ so turbo?

Ọmọ Alárè Molípa
Kò tíì sẹ́ni tó ṣe é. Ọmọkùnrin tó fẹ́ bá mi ṣe é ti lọ sí Kánádà. Nozzle tó ń rọ epo, èyí tó bá mọ́tò wá náà ló ṣì wà níbẹ̀. Kí ló kan ìyẹn nínú ọ̀rọ̀ rédíétọ̀?

Rewáyà Ìpẹru
Háà! Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, ẹ sì jẹ́ ká máa pariwo fáànù látàárọ̀. Kọ̀ǹpútà yẹn ò mọ̀ pé turbo wà níbẹ̀. Turbo ń ti atẹ́gùn wọlé gìdìgìdì, nozzle kékeré ò lè rọ epo tó máa bá a dọ́gba. Epo kéré, atẹ́gùn pọ̀, epo á máa gbiná ṣáájú àsìkò rẹ̀. Ariwo kán-kán yẹn nìyẹn. Ooru yẹn ń bọ́ sórí písítìn àti gáásíkẹ́ẹ̀tì, kò sí rédíétọ̀ tó lè gbà á. Ẹ má wà á mọ́. Láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó ṣíná, ẹ fọwọ́ tẹ hósì òkè. Tó bá le koko nígbà tó ti sùn mọ́jú, gáàsì iná sílíńdà ti ń wọ inú omi nìyẹn, gáásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ. Álúmíníọ̀mù ni top cylinder ẹ̀, ooru máa ń tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e fún àwọn tó ń lo lathe kí wọ́n fi irin gbọọrọ wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó so ó padà.

Ọmọ Alárè Molípa
Hósì ti máa ń le láàárọ̀, mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn ni, torí tuntun ni. Ojúde Ọba wá ńkọ́?

Ọkọ Àdùkẹ́
Ẹ gun ẹṣin.

Ọmọ Alárè Molípa
Ẹ̀yin ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ló mọ ẹni tó lè tún kọ̀ǹpútà Honda tò láàárín Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde? Ẹni tó ti ṣe ti turbo rí o, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ fi tèmi kọ́ṣẹ́.