Àbúrò mi gbé bátìrì mì, kí ni kí n ṣe?

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ dákun, ẹ má kàn kà á kọjá. Ogbómọ̀ṣọ́ la wà. Àbúrò mi ọkùnrin ti pé ọdún 17, àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ kò bá ara rẹ̀ dàgbà, kò sì lè sọ ibi tó ń dùn ún. Yẹ̀pẹ̀, òwú, bọ́tìnnì, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ. Dókítà ní pica ni wọ́n ń pè é. Láàárọ̀ yìí mo bá rìmóòtù fáànù nílẹ̀, ìdí rẹ̀ ti ṣí, bátìrì pẹlẹbẹ inú rẹ̀ ti pòórá. Mo tú ibùsùn, mo gbọn aṣọ rẹ̀, n kò rí i. Kò sunkún, àmọ́ ó kọ ògì, itọ́ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀ títí dé àyà ẹ̀wù. Màmá ní ká dúró kó yà á jáde, bíi bọ́tìnnì ìjọ́sí. Àyà mi ń já.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ọmọ tèmi gbé owó ẹyọ mì rí, òkèlè ẹ̀bà la fi tì í lọ. Gbìyànjú ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ má bínú, Ìyá Ìbejì, ẹ̀bà kọ́ o! Bátìrì kì í ṣe owó ẹyọ. Tó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè jó ẹran ibẹ̀ láàárín wákàtí 2, kódà bí kò bá lágbára mọ́. Itọ́ tó ń dà yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ má fún un lóúnjẹ, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun pé kó bì. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù LAUTECH tàbí ti Bowen báyìí báyìí. Bí ẹ bá ti dé ẹnu ọ̀nà, ẹ pariwo pé bátìrì ni, kí wọ́n má fi yín sórí ìlà. Ẹ mú rìmóòtù náà dání, wọ́n á fi mọ bí bátìrì ṣe tóbi tó.

Bàbá Àdùkẹ́: Ọmọ mi, irú ẹ̀ ni Àdùkẹ́ mi. Jẹ́ kí màmá yín dì í mú nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara, ẹ̀rù ojú tuntun máa ń bà wọ́n. Ní kí wọ́n ya àwòrán láti ọrùn dé ìsàlẹ̀ ikùn, torí ẹni tó gbé ọ̀kan mì lè ti gbé méjì. Tára bá ti balẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ̀jẹ̀ Àdùkẹ́ kò ní èròjà irin tó. Nígbà tó lo oògùn, jíjẹ yẹ̀pẹ̀ dín kù, bí kò tilẹ̀ tán.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. A ti dé ọsibítù. Ó há sí ọ̀nà ọ̀fun lóòótọ́, wọ́n ti gbé e wọlé láti yọ ọ́. Ìṣó kékeré kan tún wà nínú ikùn rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa. Màmá wà níta, bàtà rẹ̀ ni wọ́n gbá mọ́ra.