Odídẹrẹ́ mi ń tu ìyẹ́ ara rẹ̀, ariwo rẹ̀ sì fẹ́ lé mi kúrò nílé

Olùbéèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Odídẹrẹ́ kan wà lọ́dọ̀ mi, aláwọ̀ eérú, onírù pupa. Ó ti pé oṣù méjì tí mi ò ti rí oorun sùn dáadáa. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ló ti ń ké, kì í sì í ṣe igbe kékeré. Àwọn tó ń gbé lókè wa ti wá kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ìkẹta yẹn, ọkùnrin náà ò tilẹ̀ kí mi. Ọkọ mi ní kí n tà á tàbí kí n fi ta ẹnìkan lọ́rẹ. Àbúrò rẹ̀ wá kí wa, ó ní adìyẹ tí wọ́n ti tu ìyẹ́ rẹ̀ tán ni mò ń sìn. Ó dùn mí wọra, torí òótọ́ ni, àyà ẹyẹ náà ti pá. Ó ń fi àgógó fa ìyẹ́ tu lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Lánàá mo nawọ́ sí i, ó gé mi jẹ níka, ẹ̀jẹ̀ tú jáde. Mo ti jágbe mọ́ ọn, mo ti bẹ̀ ẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ o, arábìnrin mi. Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni mo gbé kéèjì rẹ̀ sí, a kì í sì í pa tẹlifíṣọ̀n náà títí di òru. Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n máa sun tó wákàtí 10 sí 12. Ìgbà tí mo gbé e lọ sí yàrá tó dákẹ́ ló fara balẹ̀. Àwọn ọmọ bínú sí mi nígbà náà, wọ́n ní mo gba ọ̀rẹ́ wọn lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀gá Ẹlẹ́yẹ: Ẹ po omi ata, kí ẹ fi pa á láyà. Bó bá tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, á jáwọ́.

Adérónkẹ́: Ẹ má gbọ́ o! Ata kì í ta ẹyẹ lẹ́nu. Tèmi ń jẹ ata tútù láì ṣẹ́jú. Ara tó ti bó ni ẹ tún fẹ́ da nǹkan sí?

Ọ̀gá Ẹlẹ́yẹ: Ogún ọdún ni mo ti ń sin ẹyẹ.

Adérónkẹ́: Ẹ ṣeun, sà. Ata ò tíì ta wọ́n lẹ́nu síbẹ̀.

Bàbá Tósìn: Ẹ fi ata sílẹ̀. Arábìnrin, ṣé ìyẹ́ orí rẹ̀ pé? Àgógó ẹyẹ ò lè dé orí ara rẹ̀. Tí orí náà bá pá, bóyá ẹyẹ mìíràn ló ń tu ú, tàbí kó jẹ́ àìsàn. Kí ló ń jẹ? Ọmọ ọdún mélòó ni? Kí ló yí padà ní oṣù méjì sẹ́yìn? Ẹ sọ ti ará òkè, ẹ sọ ti àbúrò ọkọ, ẹ ò sọ ti ẹyẹ.

Olùbéèrè: Orí rẹ̀ pé. Hóró sunflower ló ń jẹ, òun ló fẹ́ràn. Tí mo bá fún un ní nǹkan mìíràn, á dà á nù. Kéèjì rẹ̀ tóbi, ojoojúmọ́ ni mò ń fọ̀ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ó dà bíi pé mò ń fìyà jẹ ẹ́.

Ìyá Ìbejì: Hóró nìkan kẹ̀! Ọ̀rá ló pọ̀ nínú rẹ̀, kò ní kálísíọ̀mù àti fítámì A tó, irú odídẹrẹ́ yìí gan-an ni àìtó kálísíọ̀mù sì máa ń bá jà, débi pé gìrì lè mú un. Ẹ máa fi kárọ́ọ̀tì àti ewé tútù là á díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gba hóró náà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì o, ebi lè pa á. Ẹ má fún un ní píà tàbí ṣokoléètì láé, májèlé ni fún wọn.

Adérónkẹ́: Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Bàbá Tósìn: Ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Kí ló yí padà? Tó bá ń ké, kí ló ń sọ? Ohùn ta ni?

Olùbéèrè: Ohùn màmá mi ni.

Àwọn ló ni ẹyẹ náà. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi jọ wà. Màmá kú ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, èmi ni mo wá gbé e wálé. Láràárọ̀ ló máa ń sọ pé, "O ti jí? Wá jẹun," bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́, á sì wá húkọ́ díẹ̀, irú ikọ́ wọn. Ikọ́ yẹn ni mi ò lè fara dà. Mo máa ń fi aṣọ dúdú bo kéèjì náà kí n tó lọ síbi iṣẹ́, ó di ìrọ̀lẹ́ kí n tó ṣí i. Nínú aṣọ yẹn ló ti ń ké.

Ìyá Ìbejì: Háà. Ẹ kú ará fẹ́ra kù, àbúrò mi. Ọlọ́run á fi ọ̀run kẹ́ wọn.

Ọ̀gá Ẹlẹ́yẹ: Ẹ pẹ̀lẹ́. Mo kó ọ̀rọ̀ ata jẹ. Àmọ́ bó bá ń dà yín láàmú tó báyìí, ẹ ò ṣe fún ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀?

Adérónkẹ́: Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ẹnìkan, ṣé kó tún pàdánù ẹlòmíràn ni? Ẹyẹ tó lè lo 40 sí 60 ọdún láyé!

Bàbá Tósìn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹ ṣí aṣọ yẹn lónìí. Nínú igbó, ọ̀wọ́ ni wọ́n máa ń wà. Bí ọ̀kan bá pè, èkejì á dáhùn. Tiyín ń pe ẹni tó ti ń dá a lóhùn láti ọdún mẹ́tàdínlógún, òkùnkùn ló ń dá a lóhùn báyìí. Ẹ gbé kéèjì síbi tí ẹ ti ń jókòó, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri, kí ẹ̀rù má bà á. Tó bá pè wẹ́rẹ́, ẹ tètè súfèé sí i kó tó di igbe. Tó bá ti di igbe, ẹ má jágbe padà, èsì ni igbe yín jẹ́ lójú tirẹ̀. Ẹ má tíì na ìka sí i, ẹ gba àárín irin kéèjì fún un ní hóró kan, kí ẹ dúró. Dókítà ṣe kókó o, torí ẹyẹ máa ń fi àìsàn pamọ́, a ò sì lè sọ pé ìbànújẹ́ nìkan ló ń tu ìyẹ́ náà.

Olùbéèrè: Mo ti ṣí i láti bíi wákàtí kan. Kò ké. Ó ká ẹsẹ̀ kan mọ́ra, ó ń fi ojú kan wò mí. Nígbà tó yá, ó ní, "Wá jẹun." Mo ní, "Mò ń bọ̀, Màmá." Ó húkọ́. Mi ò bò ó.

Aago mẹ́wàá ọ̀la ni dókítà ní kí a wá. Kí ni mo lè fún un tí á máa fà ya, kó lè fi ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Páálí lásán ti tó, èyí tí wọn ò kọ nǹkan sí. Ẹ ká a, ẹ fi hóró kan pamọ́ sínú rẹ̀, kí ẹ há a sáàárín irin kéèjì. Ẹ jẹ́ kó rí i tí ẹ̀ ń fi hóró náà pamọ́.