Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: níbo ni mo ti lè rí ilé ìṣúra ìlú Róòmù àtijọ́?

TíṣàAdéọlá: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń lọ sí Róòmù lóṣù tó ń bọ̀. Ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, mo sì fẹ́ fojú ara mi rí ibi tí wọ́n ń kó owó ìlú sí, èyí tí wọ́n ń pè ní aerarium. Ibo ni kí n lọ? Kí ló sì yẹ kí n kà kí n tó lọ?

BàbáOnítàn: Tẹ́ḿpìlì Saturn, òrìṣà àwọn ará Róòmù, ni kí ẹ wá lọ, lẹ́sẹ̀ òkè Capitoline. Ibẹ̀ ni owó ìlú wà, òun pẹ̀lú àkọsílẹ̀ òfin àti ọ̀págun àwọn ọmọ ogun. Òpó 8 ló ṣẹ́ kù. Ẹ gbójú sókè wo ohun tí wọ́n fín sórí wọn: Sẹ́nétì àti ará Róòmù ló tún un kọ́ lẹ́yìn tí iná jó o.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú: Bí ẹ bá lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn ìlú lórí Capitoline, ẹ máa rí i nísàlẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Àmọ́ ẹ sanwó wọ Forum, gbàgede àtijọ́ tí tẹ́ḿpìlì náà wà, ẹ jọ̀ọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ fi wọ Colosseum náà lẹ máa fi wọ ibẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ ka ti Metellus, Tíṣà! Lọ́dún 49 ṣáájú ìbí Kristi, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀gágun Caesar àti ọ̀gágun Pompey, Pompey àti àwọn kọ́ńsúlù, ìyẹn àwọn olórí ìjọba, sá kúrò nílùú, wọn ò kó owó ìpamọ́ dání. Caesar wọ̀lú, ó ní òun máa kó o. Metellus tó jẹ́ tribune, ìyẹn aṣojú àwọn mẹ̀kúnnù, dí i lọ́nà, ó ní òfin ò gbà á. Wọn ò rí kọ́kọ́rọ́, ni Caesar bá ránṣẹ́ pe alágbẹ̀dẹ kí wọ́n wá já ilẹ̀kùn. Metellus ò yẹ̀ títí Caesar fi halẹ̀ ikú mọ́ ọn. Owó ọjọ́ ìṣòro ni wọ́n kó yẹn o! Bí ẹrú bá gba òmìnira, ìdá 5 nínú 100 iye owó ẹrú náà ló ń wọ inú owó ìpamọ́ yẹn. Ó ń dùn mí títí dòní.

BàbáOnítàn: Ẹ fi ti Augustus, olú ọba Róòmù àkọ́kọ́, kún un. Lọ́dún 6 lẹ́yìn ìbí Kristi, ó dá àpò ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tó fẹ̀yìn tì. Mílíọ̀nù 170 sesterces, ìyẹn owó Róòmù, ló fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ látinú owó ara rẹ̀, ó sì gbé owó orí lé ogún pípín kí àpò náà má bàa gbẹ.

TíṣàAdéọlá: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Metellus ni màá kọ́kọ́ kà fún wọn.