Òtútù àyà ní ẹ̀ka pàjáwìrì: ṣé kí a gbà kí wọ́n ṣe CT oníwọ̀n ìtànṣán kékeré?

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Bàbá mi, ẹni ọdún 78, wá kí wa láti Ìbàdàn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n dé ni ikọ́ mú wọn. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti kọ oúnjẹ, wọ́n sì ń fi orúkọ àwọn àbúrò wọn tó ti kú pe àwọn ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ ara wọn kò tilẹ̀ gbóná púpọ̀. A gbé wọn lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì, wọ́n sì ya X-ray àyà wọn lórí ibùsùn. Dókítà wo àwòrán náà títí, ó ní òun rí ohun kan tó funfun bí kùrukùru ní apá òsì nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé òtútù àyà ni, nítorí náà òun fẹ́ kí wọ́n ṣe CT (ẹ̀rọ tó ń ya inú ara ní ègé-ègé) tí ìtànṣán rẹ̀ kéré. Ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó ń pariwo lórí fóònù pé n kò gbọdọ̀ gbà, pé ìtànṣán ni yóò pa Bàbá. Mo gbà. Òtútù àyà ni lóòótọ́, wọ́n ti ń jẹ ẹ̀kọ báyìí, ṣùgbọ́n ìjà èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò tíì tán. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni CT yìí rí tí X-ray kò rí? Ṣé ewu inú rẹ̀ pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń sọ? Ṣé owó kò sì ní gbẹ̀yìn rẹ̀ yọ?

Ayàwòrán ara ní ọsibítù, Manchester

Ìyá Ìbejì mi, ẹ kú aájò Bàbá. Ẹ kò ṣe àṣìṣe kankan. Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe, irú Bàbá yìí ni mo sì máa ń rí jù. Ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le yóò dìde dúró, yóò gbé àyà lé pátákó, yóò fa èémí sínú, yóò sì dá a dúró títí a ó fi tẹ bọ́tìnnì. Àgbàlagbà tí àìsàn ti wó mọ́lẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. A ó ki pátákó bọ ẹ̀yìn wọn lórí ibùsùn, àgbọ̀n wọn yóò ti sọ̀ kalẹ̀ sórí àyà, èémí tí wọ́n fà kò ní jìn, ọkàn wọn yóò sì hàn nínú àwòrán ju bó ṣe tóbi lọ. Àtìgbà tí X-ray ti wà ló ti ń to eegun, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró lé ara wọn lórí àwòrán pẹlẹbẹ kan, bí ẹni to aṣọ sínú àpótí. Òtútù àyà tó bá fara pamọ́ sẹ́yìn ọkàn lè má hàn rárá. CT ní tirẹ̀ dà bí ìgbà tí a bá gé iṣu ní ègé-ègé, tí a ń wo ojú ègé kọ̀ọ̀kan bóyá ó ti rà. Aláìsàn yóò dùbúlẹ̀, yóò gbé ọwọ́ sókè orí bó bá ṣeé ṣe, yóò dá èémí dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Bó bá jẹ́ òtútù àyà nìkan ni wọ́n ń wá, a kì í fa oògùn kankan sí iṣan.

Ní ti ìtànṣán, millisievert ni a fi ń wọ̀n ọ́n. X-ray àyà kan jẹ́ nǹkan bí 0.02. CT àyà tí a bá ṣe ní ìwọ̀n gidi sábà máa ń wà láàárín 5 sí 7. Oníwọ̀n kékeré kì í sábà ju 1.5 lọ, àwọn ẹ̀rọ tuntun sì wà tó ń mú un wá sísàlẹ̀ 0.5. Ẹni tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gba nǹkan bí 2.7 lọ́dún láti inú ilẹ̀, òfuurufú, oúnjẹ àti àyẹ̀wò ìṣègùn pa pọ̀. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé ohun tí Bàbá gbà kò ju ti oṣù mẹ́fà tàbí méje tí ènìyàn kàn fi gbé ní Leeds. Jẹjẹrẹ tí ìtànṣán bá lè fà, ọ̀pọ̀ ọdún ló máa ń gbà kó tó yọjú, bẹ́ẹ̀ òtútù àyà kì í fún ẹni ọdún 78 ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin ni, tàbí aboyún, ọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀. Ẹni tó bá fura pé òun lóyún gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kó tó gun orí ẹ̀rọ.

Ìdí tí ìwọ̀n kékeré fi tó ni pé afẹ́fẹ́ ló kún inú ẹ̀dọ̀fóró. Bí epo pupa bá ta sí aṣọ funfun, ènìyàn kò nílò iná ńlá kó tó rí i. Àmọ́ àwòrán náà a máa hó wúrúwúrú bíi rédíò tí kò mú ìkànnì dáadáa, pàápàá lára ẹni tó sanra. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró ni dókítà ń bẹ̀rù, CT tí ìwọ̀n rẹ̀ pé, tí wọ́n ń fa oògùn àwọ̀ (tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn nínú àwòrán) sí iṣan fún, ni yóò béèrè. Ẹ má ṣe bá a jiyàn nígbà náà pé oníwọ̀n kékeré lẹ fẹ́. Ohun tí ẹ ó tètè sọ ni bí kíndìnrín aláìsàn bá ní ìṣòro, tàbí bí irú oògùn bẹ́ẹ̀ bá ti yọ ọ́ lẹ́nu rí.

Dókítà ẹ̀ka pàjáwìrì, Birmingham

Mo fara mọ́ ohun tí ẹni tó ṣáájú mi sọ, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọ̀rọ̀ yìí tán kó wá máa fi ipá béèrè CT. Ní Paris, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde ní 2015 lórí àwọn aláìsàn 319 tí wọ́n fura sí òtútù àyà lára wọn ní ẹ̀ka pàjáwìrì. Nínú àwọn tí X-ray wọn mọ́, ìdá kan nínú mẹ́ta ni CT rí nǹkan lára wọn. Nínú àwọn tí X-ray ní nǹkan wà níbẹ̀, CT sọ pé kò sí òtútù àyà lára nǹkan bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Geneva, nínú 200 àgbàlagbà, CT oníwọ̀n kékeré yí èrò dókítà padà lórí 90, ti àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì jẹ́ pé òtútù àyà tí à ń rò kò fi bẹ́ẹ̀ dájú mọ́. Èyí tó jẹ mí lọ́kàn jù nìyẹn, nítorí oògùn apakòkòrò (antibiotic) tí kò yẹ kí àgbàlagbà máa lò lè ba inú rẹ̀ jẹ́, nígbà tí ọkàn tó ń ṣàárẹ̀, tó jẹ́ ìṣòro gan-an, kò rí ìtọ́jú.

Ṣùgbọ́n ní Netherlands, wọ́n pín aláìsàn 2,418 sí ọ̀nà méjì, àwọn kan gba X-ray, àwọn kan gba CT tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré gidigidi. Nígbà tó di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ìlera àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì kò yàtọ̀ sí ara wọn lọ́nà tó ní láárí. Àwọn tó gba CT ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ní láti padà wá nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni kò wá lọ, bí irú kókó kékeré kan nínú ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà, bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún bá ní ikọ́ àti ibà, tí X-ray rẹ̀ sì ṣe kedere, CT kò ní fi nǹkan kan kún un. Ibi tó ti wúlò ni ara irú Bàbá: àgbàlagbà, X-ray orí ibùsùn tí kò mọ́, àti ìtọ́jú tí yóò yí padà bí ìdáhùn bá yí padà. Ìbéèrè tí ẹ lè bi dókítà ni pé, "Bí CT bá sọ pé kì í ṣe òtútù àyà, kí lẹ ó ṣe?" Bí kò bá rí èsì sí i, àyẹ̀wò náà lè dúró. Bí ara aláìsàn bá sì ti burú, wọn kò gbọdọ̀ torí pé wọ́n ń dúró de CT fi oògùn falẹ̀.

Ohun kan wà tí àwa ọmọ Yorùbá nìkan lè ṣe níbẹ̀. A máa ń ka ohun márùn-ún láti mọ bí òtútù àyà ṣe le tó: bí iyè bá ti rá, bí urea (ìdọ̀tí tí kíndìnrín máa ń sẹ́ jáde) inú ẹ̀jẹ̀ bá ju 7 lọ, bí èémí bá tó 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá ti wálẹ̀ jù, àti bí ọjọ́ orí bá ti tó 65. Bàbá ti ní méjì kí ẹ tó kúrò nílé. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá ń dáhùn ní Yorùbá, nọ́ọ̀sì lè rò pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kò gbọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu. Ẹ sọ ọ́ kedere pé, "Báyìí kọ́ ni wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá." Ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n dé láti Nàìjíríà, kí wọ́n lè yẹ ibà ẹ̀fọn wò. Ẹ sọ bí wọ́n bá ti ní ikọ́ ẹ̀gbẹ rí, nítorí àpá rẹ̀ lè jọ àìsàn tuntun nínú àwòrán. Ẹ má sì tijú láti sọ àgbo tàbí kápúsù tí wọ́n ti mu kí ẹ tó gbé wọn dé.

Nọ́ọ̀sì, Houston

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn ọmọ wa tó jẹ́ SS. Bí àyà bá ń dùn wọ́n, tí ara sì gbóná, ẹ má ṣe dúró sílé di àárọ̀, nítorí ohun tó jọ òtútù àyà lára wọn lè jẹ́ wàhálà ẹ̀jẹ̀ SS nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì máa ń tètè burú. X-ray ni wọ́n sábà máa fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ ọjọ́ gbogbo àwòrán tí wọ́n ti ya ọmọ mi sí, nítorí láti kékeré ni wọ́n ti ń yà á, àròpọ̀ rẹ̀ sì yẹ ní mímọ̀.

Ní ti owó, òfin Amẹ́ríkà ti 1986 ní kí ẹ̀ka pàjáwìrì yẹ aláìsàn wò, kí wọ́n sì mú un dúró, yálà ó lówó tàbí kò ní. Ìwé owó yóò ṣì dé ilé. Ẹ béèrè fún èyí tó to ohun kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ètò ìrànwọ́ owó ọsibítù náà kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ayàwòrán ara ní ọsibítù, Manchester

Ní England, ohun tí wọ́n bá ṣe fún àlejò nínú ẹ̀ka pàjáwìrì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá gbà á wọlé sí wọ́ọ̀dù ni owó ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìlọ́po kan àti ààbọ̀ iye tí ìtọ́jú náà ń ná ìjọba. Bí Bàbá bá ní ìbánigbófò ìrìn-àjò, ẹ pe ilé-iṣẹ́ náà lónìí.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Wọ́n ní ìbánigbófò, mo ti pè wọ́n. Dókítà ní kí wọ́n tún ya X-ray lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nítorí pé wọ́n mu sìgá nígbà èwe, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n padà sílé. Mo ti béèrè fún lẹ́tà ìdásílẹ̀ àti CD àwòrán méjèèjì, kí dókítà wọn ní Ìbàdàn lè fi ti tuntun wé e. Ẹ̀gbọ́n mi ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, ó ní kí n béèrè bóyá ìtànṣán wà nínú CD náà.

Ayàwòrán ara ní ọsibítù, Manchester

Kò sí o. Ẹ fi sínú àpò tí Bàbá máa gbé lọ́wọ́ wọnú ọkọ̀ òfuurufú, kó má baà sọnù pẹ̀lú ẹrù.