Ẹgbẹ́ wo ni wọ́n rẹ́ jẹ jù nínú American football ti àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà?

Àlàbí Ọmọ Ẹ̀gbá
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Lórí ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń yan ẹni tó máa gba adé, kí kálukú mú ọdún tó dùn ún jù wá, kó sì sọ ibi tí nǹkan ti wọ́. Èmi mú 2023. Florida State gbá eré 13, wọ́n borí nínú gbogbo rẹ̀, adé líìgì ACC wà lọ́wọ́ wọn, síbẹ̀ àyè mẹ́rin tí playoff (eré tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó gba adé) ní nígbà náà ò gbà wọ́n. Ohun tí ìgbìmọ̀ tó ń yan ẹgbẹ́ wí ni pé Jordan Travis, quarterback wọn (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù), ti fẹsẹ̀ ṣèṣe ní oṣù Kọkànlá, pé ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Alabama tó ti pàdánù lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n fi sípò kẹrin. Látìgbà tí playoff ti bẹ̀rẹ̀ ní 2014, wọn ò ṣe irú ẹ̀ rí fún olúborí líìgì ńlá tí kò pàdánù.

Ìyá Ìbejì Houston
Georgia nà wọ́n 63 sí 3 ní Orange Bowl, ọ̀kan nínú àwọn eré ńlá ìparí sáà tí wọ́n ń pè ní Bowl. Kí la tún fẹ́ wí?

Àlàbí Ọmọ Ẹ̀gbá
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ti 63 yẹn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbé ẹgbẹ́ náà débẹ̀ ò sí lórí pápá lọ́jọ́ yẹn. Àwọn kan ti ń múra NFL, líìgì àwọn tó ń gbowó, àwọn kan ti wọ transfer portal láti lọ sí yunifásítì mìíràn.

Sàlàkọ́ Columbus
Ẹgbẹ́ tó dára jù ni òfin ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n mú. Ó sì wà nínú òfin kan náà pé kí wọ́n wo agbábọ́ọ̀lù pàtàkì tí kò ní lè gbá. Wọn ò rú òfin kankan.

Rónkẹ́
Ẹ̀yin ará Columbus, ìlú Ohio State, lẹ wá ń sọ èyí? 2014 ńkọ́? Braxton Miller, quarterback yín, ti ṣèṣe kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, J.T. Barrett ṣèṣe nínú eré Michigan, Cardale Jones tó jẹ́ ẹnì kẹta ló kù. Ó gbá eré kan péré, Ohio State lu Wisconsin 59 sí 0, ìgbìmọ̀ gbé wọn sípò kẹrin. TCU tó wà nípò kẹta lu Iowa State 55 sí 3 lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sì já a sípò kẹfà. Ohio State ló gba ife. Ta ló wá lè sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó jókòó lẹ́yìn ò lè ṣe é?

Sàlàkọ́ Columbus
Àǹtí Rónkẹ́, 59 sí 0 kì í ṣe 16 sí 6. Ayò tí Florida State fi borí Louisville nìyẹn nígbà tí Brock Glenn di ipò Travis mú.

Rónkẹ́
Wọ́n borí. Àbí wọn ò borí?

Bàbá Adéọlá
Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, Auburn 2004 lọ̀rọ̀ wà. USC, Oklahoma àti Auburn, kò sẹ́ni tó pàdánù nínú wọn, àyè méjì péré ni BCS, ètò tó wà kí playoff tó dé, ní. Wọ́n gbé Auburn lọ sí Sugar Bowl, wọ́n lu Virginia Tech níbẹ̀, ó di eré 13 láìpàdánù, kò sì já mọ́ nǹkan kan. USC wá na Oklahoma 55 sí 19. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n tún gba adé BCS yẹn kúrò lọ́wọ́ USC. Àní adé ọ̀hún ò ní olórí títí dòní.

Tádé_onísirò
Bàbá, ọdún tó ṣáájú ẹ̀ burú jù ú lọ. Ní 2003, Kansas State lu Oklahoma 35 sí 7 nínú àṣekágbá líìgì Big 12, síbẹ̀ Oklahoma lọ gbá fún adé. USC tí àwọn akọ̀ròyìn àti àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá fi sípò kìíní ò sí nínú eré adé. LSU gba ife BCS, AP, ilé-iṣẹ́ ìròyìn, fún USC ní tiwọn, adé pín sí méjì. Kọ̀ǹpútà tó wà nínú ìṣirò BCS ló fà á.

Kúnlé B.
Ẹ fún mi ní kọ̀ǹpútà, ó sàn ju ìgbìmọ̀ ènìyàn 13 tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Grapevine, Texas. Kọ̀ǹpútà ò lójú àánú.

Tádé_onísirò
Kò lójú àánú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó èsì eré sínú ẹ̀ lè gbàgbé. Láti 2005 títí dé 2013, ìdá mẹ́ta ni BCS: ìbò Harris (ti àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ àti akọ̀ròyìn), ìbò akọ́nimọ̀ọ́gbá, àti kọ̀ǹpútà mẹ́fà. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n á yọ èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù, wọ́n á pín mẹ́rin tó kù dọ́gba. Ní 2010, eré kan ṣoṣo nínú playoff FCS (ìpele tó wà lábẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ ńlá), Western Illinois àti Appalachian State, kò wọ inú ìṣirò Colley, ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nítorí eré tí kò kan ẹgbẹ́ ńlá kankan yẹn, LSU bọ́ sípò 10, Boise State sípò 11. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, àwọn méjèèjì pààrọ̀ ipò. Wọ́n rí àṣìṣe yẹn nítorí pé Colley gbé gbogbo ìlànà rẹ̀ síta. Àwọn márùn-ún yòókù ńkọ́? Ta ló lè tú tiwọn wò?

Kúnlé B.
Ó dáa, ó yé mi. Síbẹ̀ mi ò fẹ́ Grapevine.

Màmá South Bend
Ẹ ti gbàgbé Notre Dame 2025 ni, nígbà tí playoff ti di ti ẹgbẹ́ 12? Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, Notre Dame wà nípò 10, Miami nípò 12. Kò sí èyí tó gbá bọ́ọ̀lù nínú àwọn méjèèjì lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú mọ́, Miami di 10, ó wọlé, Notre Dame di 11, kò wọlé, ó parí. Ta ló gbá bọ́ọ̀lù ọ̀hún?

Tádé_onísirò
BYU ló gbá a, mà. Bí ìgbìmọ̀ ṣe ń dìbò ló fà á. Kálukú á kọ ẹgbẹ́ 30 tó wù ú. Èyí tí ènìyàn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá kọ ló máa kù. Wọ́n á wá mú mẹ́fà, kálukú á tò wọ́n láti 1 dé 6 ní ìkọ̀kọ̀, mẹ́ta tí àmì wọn kéré jù á wọlé, mẹ́ta tó kù á dúró de ìpele tó kàn pẹ̀lú mẹ́ta tuntun. Ẹgbẹ́ tó bá sún mọ́ra nìkan ni wọ́n ń gbé kọ́ ara wọn. Ipò 11 ni BYU wà, ó dúró láàárín àwọn méjèèjì. Texas Tech lù ú 34 sí 7, ó já, Notre Dame àti Miami wá ṣe kòńgẹ́ ara wọn. Ìgbà yẹn ni 27 sí 24 tí Miami fi borí Notre Dame ní August 31 ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wúlò.

Màmá South Bend
Èsì eré August ti wà nílẹ̀ láti August! Ẹ ò lè fi wá ga ju Miami fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kẹ́ ẹ wá ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ẹ̀ lọ́jọ́ tí kò sí eré mọ́. Alabama sì gba ìyà 28 sí 7 lọ́wọ́ Georgia, ipò 9 rẹ̀ ò mì.

Rónkẹ́
Lórí Alabama, mo wà lẹ́yìn màmá.

Àlàbí Ọmọ Ẹ̀gbá
Ipò 20 àti 24 ni Tulane àti James Madison wà, wọ́n sì wọlé. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn náà.

Ìyá Ìbejì Houston
Kò sọ́rọ̀ níbẹ̀, àbúrò. Olúborí líìgì márùn-ún tó ga jù ló ní àyè ní 2025. Duke ló gba adé ACC, ṣùgbọ́n ó ti pàdánù lẹ́ẹ̀márùn-ún, James Madison sì ga jù ú lọ. Òfin tí gbogbo ayé ti rí kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n yọ UCF kúrò ní 2017 pẹ̀lú eré 12 láìpàdánù, wọ́n wá lu Auburn 34 sí 27. Tẹ́ ẹ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ kékeré, ẹ má pè é ní adé gbogbo orílẹ̀-èdè.

Kúnlé B.
Oregon lu James Madison 51 sí 34.

Ìyá Ìbejì Houston
Ohio State náà lu Tennessee 42 sí 17 ní 2024. Ṣé a máa lé SEC, líìgì Tennessee, dànù ni?

Sàlàkọ́ Columbus
Ohun tó ń bí mi nínú ni ìsinmi tí ẹgbẹ́ mẹ́rin ń gbà ní ìpele kìíní. Ní 2024, olúborí líìgì nìkan ni wọ́n fún: Boise State tó wà nípò 9 di ìkẹta, Arizona State tó wà nípò 12 di ìkẹrin. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó sinmi ló fìdí rẹmi. Wọ́n tún òfin ṣe ní 2025 kí ipò tí ìgbìmọ̀ fi ẹgbẹ́ sí bá nọ́ńbà rẹ̀ nínú playoff mu, síbẹ̀ Indiana nìkan ló là á já. Ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí wọn ò gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á wá pàdé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ti ẹ̀ tán.

Bàbá Adéọlá
Kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó sinmi gbá kọ́tà-fáínà nílé ara rẹ̀. Pasadena, ní Rose Bowl, ni Oregon tó wà nípò kìíní ti lọ jẹ ìyà 41 sí 21 ní sáà 2024. FCS ń gbá a nílé títí tó fi ku àṣekágbá nìkan.

Sàlàkọ́ Columbus
Àwọn tó ni Bowl ò ní gbà, bàbá.

Bàbá Adéọlá
Ta ló bi wọ́n?